Waya 100G Ẹlẹ́ka Mẹ́rin: Ṣé Ó Lè Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Switch n'Íkòròdú?

Ilé ìtẹ̀wé tàbí ibi tí wọ́n ti ń gé fídíò ní Sábó, tí server kan àti kọ̀ǹpútà mẹ́ta mẹ́rin wà nínú yàrá kan, ni waya yìí yẹ. Orí QSFP28 rẹ̀ (orí ńlá tó ń gbé 100G, ìyẹn gígábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) wọ server. Ẹ̀ka SFP28 mẹ́rin (orí kékeré, 25G lọ́kọ̀ọ̀kan) tó yọ lára rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà 25G mẹ́rin tí wọ́n dì pọ̀ ni 100G tẹ́lẹ̀. Waya yìí kàn tú wọn ká ni. Bàbà lásán ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná. Ẹni tó ń ṣọ́ bátìrì inverter mọ bí ìyẹn ṣe wúlò tó, nítorí switch 100G (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) kì í sinmi iná jíjẹ, ariwo fáànù rẹ̀ sì ń fọ́ni létí.

Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú server ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, bóyá ó lè pín ihò 100G sí mẹ́rin. Intel E810-CQDA2 ń pín. Mellanox ConnectX-4 àti ConnectX-5 tí wọ́n ń tà ní tokunbo kì í pín: bí ẹ̀ka kan bá tilẹ̀ tan, mẹ́ta yòókù á dákẹ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní Computer Village kẹ́ ẹ tó sanwó. Mile 12 kì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń gbà lọ dá ọjà padà. Lápá kọ̀ǹpútà, ConnectX-4 Lx 25G ti tó.

Ẹ gbé EPCT ti Intel, ètò tó ń pín ihò káàdì, sórí server. `epct64e -devices` á sọ nọ́ńbà káàdì, `epct64e -nic=1 -get` á sọ oríṣi ọ̀nà tó lè gbà pín, `epct64e -nic=1 -set 4x25` á pín in. Ẹ pa server, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ihò kejì káàdì á kú. Kò bàjẹ́ o, 100G ni gbogbo agbára káàdì náà. Ẹ má fi káàdì náà sí slot PCIe Gen3 x8 (ihò tóóró lórí motherboard): nǹkan bíi 63G ló mọ níbẹ̀.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀: 10.10.1.1/30 lórí server, 10.10.1.2/30 lórí kọ̀ǹpútà kìíní, 10.10.2.1 àti 10.10.2.2 fún ìkejì. Ẹ má fún wọn ní gateway (àdírẹ́sì ọ̀nà àbájáde). Kí íntánẹ́ẹ̀tì máa gba ihò 1G lọ sí router. Bí MTU (ẹrù tó tóbi jù tí ẹ̀ka lè gbé lẹ́ẹ̀kan) bá jẹ́ 9000 níhìn-ín tó sì jẹ́ 1500 lọ́hùn-ún, ping á lọ geere, fáìlì ńlá á há.

Bí iná ihò kò bá tan, FEC (ètò tó ń tún àṣìṣe orí waya ṣe) ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ fi `ethtool --show-fec` wò ó lápá méjèèjì: bí ọ̀kan bá wà ní RS (oríṣi FEC kan) tí èkejì sì wà ní off, wọn ò ní gbọ́ra. Waya mítà 3 lè ṣiṣẹ́ láìsí FEC, ṣùgbọ́n mítà 5 ò lè ṣe láìní RS. Mítà 2 ló dáa jù; ti 5 nípọn, ó le, á máa fa ẹnu káàdì. Bí iperf3 (ètò tó ń wọn ìyára) bá sì fi iye kékeré hàn, ẹ wo ẹ̀dà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú waya: èyí tó ṣáájú 3.16 kì í lò ju core CPU kan lọ.

Níbi tó kù sí: kọ̀ǹpútà méjì tó bá fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú server kọjá, iṣẹ́ yẹn á sì máa jẹ CPU. Ẹ pa server, gbogbo wọn kú. Kò sí àyè fún ẹ̀karùn-ún. Bí ẹ̀ka kan bá sì já, odindi waya lẹ máa rà.