Oximeter tí mo rà fún màmá mi, àti ìka aláró

Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé tí kì í lè mí délẹ̀, kó jọ̀wọ́ ka èyí kó tó náwó. Oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, méjì ni mo ti rà láàárín oṣù mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ò wúlò fún nǹkan kan. Èkejì wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi tọrẹ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tèmi ni àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Lafẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta. Màmá mi ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní àsímà. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí eruku pàdé èéfín igi ìdáná, àyà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Kí nọ́ọ̀sì tó bi wá ní ohunkóhun, ó ti fi nǹkan kékeré kan há wọn níka, bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Ó ní 89, ìyẹn ni pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn ò ju 89 nínú 100 lọ. Bó ṣe rí nọ́ńbà yẹn ló sáré lọ gbé ọ́síjìn wá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti pinnu pé nǹkan yẹn gbọ́dọ̀ wà nílé wa.

Orí ìpàtẹ ẹ̀bá títì ni mo ti ra èyí àkọ́kọ́, 4,500 náírà. Mo fi há ara mi níka, ó ní 98. Mo fi há màmá mi, ó ní 98. Ọmọ mi náà, 98. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Mo ki bíró bọ̀ ọ́. Ó ní 97, ó tún ní ọkàn ń lù ní ìgbà 76 ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ mi gbọ̀n fún ìbínú, torí ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé tó bá jẹ́ òru ọjọ́ yẹn ni mo ní in lọ́wọ́, 98 náà ló máa sọ, à bá sì padà lọ sùn. Mo tú u. Iná pupa wà nínú rẹ̀, àmọ́ ojú tó yẹ kó máa gba ìmọ́lẹ̀ lódìkejì, wọn ò fi sí i rárá. Ṣe ni wọ́n kọ́ ọ ní nọ́ńbà tí yóò máa pè bí odídẹrẹ́.

Kẹ́míìsì kan nítòsí Pansẹ́kẹ́ ni mo ti ra èkejì, 13,000 náírà, pẹ̀lú bátìrì kékeré méjì irú ti rìmóòtù. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń tajà pé mo fẹ́ fi bíró dán an wò, kò sì bá mi jà. Nígbà tí bíró wọlé, kò kọ nǹkan kan ju ìlà lásán lọ. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ mú bíró dání lọ sọ́jà.

Nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo fẹ́ mọ ẹni tó ronú kan nǹkan yìí. Ẹnjiníà iná mànàmáná ni, ará ilẹ̀ Japan, orúkọ rẹ̀ ni Takuo Aoyagi. Niigata ni wọ́n bí i sí ní 1936, yunifásítì ibẹ̀ náà ló ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní 1958. Ní 1971 ó wọ Nihon Kohden, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn kọ́ ló kọ́kọ́ ń lé kiri. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á da aró kan sínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ gba etí rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì máa wo bí aró náà ṣe ń ṣí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù ni ìlà tí wọ́n ń wò máa ń fò. Ẹni tó bá ti tún rédíò ṣe rí mọ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Aoyagi ṣe ohun tí èmi náà ì bá ṣe: ó mú ìmọ́lẹ̀ kejì wá, èyí tí ojú èèyàn ò lè rí, kó lè fi pa ariwo ti àkọ́kọ́. Ó sì pa á. Àmọ́ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá ti yí padà, ariwo á tún yọjú.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo dìde dúró. Ariwo tó ń lé lọ yẹn ni ọjà gan-an! Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa kọjá, èyí tí kò ní tó máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Ẹran, egungun àti èékánná kì í fò bí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú iṣan ló ń fò. Tí a bá fi fífò inú ìmọ́lẹ̀ méjèèjì wéra, a ti mọ bí ọ́síjìn ṣe wà, láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ní 1974 ló gbé e síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹrin 2020, ẹni ọdún 84, lásìkò tí Kòrónà mú kí gbogbo ayé máa wá ẹ̀rọ tó ti inú èrò rẹ̀ jáde.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Aró lòun náà fi bẹ̀rẹ̀.”

Aró yẹn náà ló sì kó wa sí wàhálà. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ tuntun dé, mo fi há wọn ní àtàǹpàkò, ó ní 86. Wọ́n sì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà, wọ́n ń bá ọmọ mi wí. Mo ti dìde láti lọ pe ọlọ́kadà. Wọ́n ní, “Àjàní, jókòó. Bí mi ò bá lè mí, èmi náà ni màá kọ́kọ́ mọ̀.” Ìgbà tí mo gbé ọwọ́ wọn sábẹ́ iná ni mo rí i: èékánná wọn dúdú dé ìdí, aró ọjọ́ pípẹ́ ni. Aró máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, bíi ti ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn, ẹ̀rọ náà ò sì mọ ẹni tó gbé e mì. Mo yí ìka náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa gba inú èékánná. 96. Àwọn tó ń kun èékánná tàbí tó ń lé làálì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bákan náà ni ọwọ́ tútù: ẹ kọ́kọ́ fi ra kó gbóná.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ní 92 sí 96, nǹkan bíi 12 nínú 100 ìdíwọ̀n ara aláwọ̀ dúdú ni ọ́síjìn wọn kò tó 88 ní tòótọ́. Ti aláwọ̀ funfun kò tó 4. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò ni, awọ ara wa sì yẹ kó wà lára ohun tí àwọn tó ń ṣe é ń rò látilẹ̀. Nítorí náà, tí nọ́ńbà bá dára tí ẹni yín ò sì lè sọ gbólóhùn kan parí kó tó mí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Àsímà lè ti le gan-an kí nọ́ńbà tó jábọ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ lára rẹ̀ ò pọ̀: ojú rẹ̀ kì í hàn nínú oòrùn, ìdérí bátìrì rẹ̀ sì fúyẹ́ jù. Síbẹ̀, bó bá bàjẹ́ lónìí, màá tún ra irú rẹ̀ lọ́la.

Màmá mi ò kàwé, àmọ́ kò sí nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń ka ọ̀pá aṣọ la ń kọ ọ́ sí, láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó sinmi. Lánàá, 96, 95. Ìka kékeré ọwọ́ òsì là ń lò báyìí. Wọn kì í jẹ́ kó kan aró mọ́, ọ̀rá ni wọ́n fi ń wé e kí wọ́n tó kọwọ́ bọ ìkòkò, èékánná rẹ̀ sì ti ń mọ́ bọ̀ láti ìdí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.