Slapper bar, CalTracs, ladder bar, four-link: èwo ni kí ẹ náwó lé fún eré drag?

Ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn, táyà ẹ̀yìn ló sì ń dójú tì wọ́n. Nínú eré drag, ọkọ̀ méjì ló ń sáré lójú ọ̀nà tó tọ́ láti mọ èyí tó máa kọ́kọ́ dé ìpẹ̀kun. Iná aláwọ̀ ewé tàn, ẹ tẹná, táyà ń yí lójú kan, èéfín gba gbogbo ibẹ̀, Honda kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti lọ. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà àtijọ́, tí ìdí rẹ̀ jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ irú èyí tó wà lábẹ́ tipa, bíi Nova 1968 sí 1974 tàbí Camaro 1967 sí 1981, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Bí táyà ṣe fẹ́ yí síwájú ni axle, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, fúnra rẹ̀ ń fẹ́ yí sẹ́yìn, tí imú rẹ̀ ń wòkè. Apá iwájú sípíríǹgì á tẹ̀ bíi lẹ́tà S, á nà padà, á tún tẹ̀. Òun ló fa gbì-gbì-gbì tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ìdí ọkọ̀ ń fò. Irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ yìí, axle yẹn ni wọ́n fẹ́ mú so, kí agbára tó fẹ́ fi yí lè di èyí tó ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé irin òun á ṣẹ̀dá ìwúwo tuntun fún ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ọjà ló fẹ́ tà. Bí àárín ìwúwo ọkọ̀ ṣe ga sílẹ̀ tó, bí táyà iwájú ṣe jìnnà sí tẹ̀yìn tó, àti bó ṣe ń já lọ tó ló ń sọ iye ìwúwo tó máa bọ́ sẹ́yìn.

Slapper bar àti CalTracs

Àwọn méjì yìí kò nílò wẹ́dà. Bóòtù lásán ni, ọ̀sán kan sì tó.

Slapper bar ló rọ̀ lówó jù. Irin tó gùn ni, wọ́n dè é mọ́ abẹ́ axle, rọ́bà wà lórí rẹ̀ níwájú. Bí axle bá fẹ́ yí, rọ́bà yẹn á gbá sípíríǹgì lábẹ́, yíyí á dúró. Àlébù rẹ̀ ni pé kò ṣiṣẹ́ kankan títí rọ́bà yóò fi kan sípíríǹgì, bó bá sì kàn án, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì nìkan lẹ lè tún ṣe. Ó tún rọ̀ sílẹ̀ débi pé gbogbo òkìtì ojú títì ló máa ń kí.

CalTracs ti ilé-iṣẹ́ Calvert Racing gbọ́n jù ú lọ. Irin rẹ̀ ti abẹ́ axle lọ bá àwo irin onígun mẹ́ta kan tó ń mì lórí bóòtù iwájú sípíríǹgì. Bí axle bá fẹ́ yí, irin á ti àwo náà, àwo náà á sì tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀ láti òkè, kò ní lè tẹ̀ bíi S mọ́. Ẹ lè yí irin náà le díẹ̀ ṣáájú. Apá ọ̀tún ni kí ẹ fún ní èyí tó pọ̀ díẹ̀, torí agbára ọ̀pá tó ń yí láti iwájú lọ sí axle máa ń fẹ́ gbé táyà ọ̀tún ẹ̀yìn sókè. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni owó rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Fún ọkọ̀ tí ẹ ṣì ń gbé lọ ra búrẹ́dì, mi ò rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Ladder bar àti four-link

Níbí, ẹ máa gé irin, ẹ máa jó irin. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ á kúrò, èyí tó wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì á bọ́ síbẹ̀. Owó wẹ́dà lè ju owó irin lọ.

Ladder bar mú axle níbi méjì, ó sì so mọ́ férémù níbi kan ṣoṣo níwájú. Ihò bóòtù tí ẹ lè fi tún un ṣe kò pọ̀, nǹkan tí ẹ lè bàjẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó ń fẹ́ kí ọkọ̀ òun máa ṣe nǹkan kan náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ á fẹ́ràn rẹ̀. Lójú títì tó ní kòtò, ó le bí igi.

Four-link ní ọ̀pá mẹ́rin, ihò pọ̀ bí ti ilé oyin. Bí ẹ bá fi ojú inú fa ìlà ọ̀pá òkè àti tìsàlẹ̀ síwájú, ibi tí wọ́n ti pàdé ni agbára ti ń gbé ọkọ̀. Bí ibẹ̀ bá súnmọ́ ẹ̀yìn tó sì ga, táyà á jẹ ìgbátí. Bó bá jìnnà tó sì rẹlẹ̀, á rọra tẹ̀ ẹ́. Ó dára púpọ̀ fún ọkọ̀ alágbára lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni tí kì í kọ ọ́ sílẹ̀ á sọnù sínú ihò.

Ṣọ́ọ̀kì

Mo rí ẹni tó ra four-link tó fi ṣọ́ọ̀kì ọlọ́jọ́ gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀. Kí ló kù? Ṣọ́ọ̀kì iwájú 90/10 rọ̀ nígbà tó ń nà, ó le nígbà tó ń padà, torí náà imú ọkọ̀ á tètè gòkè, á sì pẹ́ lókè. Ó ṣe é lò, ṣùgbọ́n kò gba àtúnṣe. Èyí tó ní kọ́ńbù, ohun tí ẹ ń fọwọ́ yí láti mú un le tàbí rọ̀, fún nínà àti fún pípadà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wọ́n jù, owó rẹ̀ kì í sì í ṣòfò.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí: ẹnì kan á gbé fóònù sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, yóò fi ya táyà ẹ̀yìn bí mo ṣe ń já. Nova mi máa ń fò kúrò lórí táyà kíá, ara táyà á ká jọ, lẹ́yìn tó ti rìn bí gígùn ọkọ̀ méjì ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Nínà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló rọ̀ jù. Mo yí kọ́ńbù lẹ́ẹ̀mejì kó lè le sí i, ó jókòó. Kò sí irin tuntun kankan níbẹ̀.

Ìwé tí wọ́n bá fún yín lẹ́yìn eré, àkókò ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó bá dín níbẹ̀ máa ń ju ìdámẹ́wàá lọ nípẹ̀kun mítà 402.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ladder bar tàbí four-link àlòkù, ẹ gbọn orí ọ̀pá tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó. Orí ọ̀pá tó ń ṣe kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Ojú jíjó tó là, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.