Canva àti ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pín ìwé ètò ẹ̀kọ́ olójú-ewé mẹ́fà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Lọ́dún yìí, mo fi Canva ọ̀fẹ́, áàpù tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìwé àti àwòrán, tún un ṣe lórí fóònù: ojú-ewé kan péré, àwòrán ìjàpá lókè, ìbéèrè kan lábẹ́ rẹ̀: "Ta ló ń pa àlọ́ nílé yín?" Àwọn àwòrán tí Canva fi àmì adé sí lórí, ti ẹni tó bá sanwó ni; mi ò yà síbẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti fèsì: "Mà, ìyá àgbà mi ni. Ṣé kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ wá?"

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ẹnu géètì ló fẹ́ bà á jẹ́: wọ́n tún un tẹ̀, "àlọ́" di "alo". PDF, fáìlì tí wọn ò ní láti tún tẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ni kí ẹ gbé fún wọn.