Owó Tó Ṣẹ́kù Lọ́wọ́ Tàbí Èrè Tí Wọ́n Pín: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ìpín Ìdókòwò Báńkì

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lè fi free cash flow, ìyẹn owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́, wo bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń dàgbà láti ọdún dé ọdún. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ ó mú owó tí òwò gan-an mú wọlé, ẹ ó yọ iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ, ilé àti ọkọ̀ kúrò, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n lè pín tàbí kí wọ́n fi san gbèsè. Bí ó bá kúrò ní bílíọ̀nù 40 náírà tó di bílíọ̀nù 80 láàárín ọdún márùn-ún, a jẹ́ pé ó ń fi bí ìdá 15 nínú 100 gòkè lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ní ti báńkì, òṣùwọ̀n yìí máa ń ṣini lọ́nà, nítorí pé owó gan-an ni ọjà tí báńkì ń tà.

Ẹ wo ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, tó san mílíọ̀nù kan náírà sí báńkì. Nínú ìwé ìṣirò, owó tó wọlé látinú òwò ni wọn yóò kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbèsè ni báńkì jẹ ìyá yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé ìdá tí báńkì gbọ́dọ̀ fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ dé 50 nínú 100. Bí a bá fi òfin ìgbà yẹn ṣírò, 500,000 nínú owó náà yóò lọ jókòó sí CBN. Bí báńkì bá yá ẹlòmíràn ní 300,000 nínú èyí tó kù, owó tó jáde nìyẹn, 200,000 ló sì ṣẹ́kù. Bí kò bá yá ẹnikẹ́ni, 500,000 ló ṣẹ́kù. Báńkì tó káwọ́ gbera wá dà bí èyí tó ń dàgbà ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Tí ìyá aláṣọ bá gba owó rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti fi ra ọjà, gbogbo rẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá òdo, kò sì sí bí a ṣe lè ṣírò ìdàgbàsókè láti orí iye tó ti wà nísàlẹ̀ òdo.

Tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìyẹn ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú tí ìjọba ń tà, tún mú un díjú sí i. Báńkì kan lè rà á láti tún un tà kíákíá, kí ó kọ ọ́ sábẹ́ òwò ojoojúmọ́. Èkejì lè rà á láti dì í mú, kí ó kọ ọ́ sábẹ́ ìdókòwò. Ohun kan náà ni wọ́n rà, àmọ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ni free cash flow rẹ̀ yóò dín kù.

Síbẹ̀, mi ò ní ká ju ojú ìwé owó tó wọlé tó jáde nù. Lọ́dún 2023 tí náírà já wálẹ̀, èrè GTCO, ilé-iṣẹ́ tó ni GTBank, ṣáájú owó orí kúrò ní bílíọ̀nù 214.2 náírà ó di bílíọ̀nù 609.3. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ pé dọ́là tó wà nílẹ̀ ló gbówó lórí, kì í ṣe pé owó tuntun wọlé. CBN pàápàá kọ̀ ọ́ fún àwọn báńkì lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn pé kí wọ́n má fi irú èrè bẹ́ẹ̀ san owó ìpín. Ojú ìwé yẹn ló máa ń yọ irú èrè orí ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Mo máa ń fi dán èrè wò ni, n kì í fi wọn ìdàgbàsókè.

Èyí tí mo fọkàn tán jù ni owó tí wọ́n pín fún onípìn-ín. Fún ọdún 2022, GTCO san náírà 3.10 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, Zenith san 3.20. Fún 2023, ó di 3.20 àti 4.00, fún 2024, ó di 8.03 àti 5.00. Ti Zenith fi ìdá 25 nínú 100 gòkè lọ́dọọdún láìyẹsẹ̀. Ti GTCO fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan lọ́dún àkọ́kọ́ kó tó fò sókè. Ìdá 25 yẹn dùn-ún gbọ́, àfi téèyàn bá rántí pé ọ̀wọ́n ọjà ti dé ìdá 34.8 nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Òun náà ní àléébù tirẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, CBN ní kí àwọn báńkì tó ṣì ń rí ìdẹ̀ra gbà lórí gbèsè tó dákú dá owó ìpín dúró ná. Nítorí náà, ẹ fi owó àwọn onípìn-ín tó wà nínú báńkì (ohun tó ṣẹ́kù tí ẹ bá yọ gbèsè báńkì kúrò nínú ohun tó ní) tì í, kí ẹ sì fi iye ìpín tó wà níta pín in lọ́dọọdún. CBN béèrè bílíọ̀nù 500 náírà owó ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ báńkì tó ń ṣòwò dé ilẹ̀ òkèèrè, ó sì fi 31 oṣù Kẹta ọdún 2026 ṣe gbèdéke. Kò ka èrè tí wọ́n ti kó jọ mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ báńkì bá ta ìpín tuntun. Iye ìpín Zenith tó wà níta kúrò ní bílíọ̀nù 31.4, ó lé ní bílíọ̀nù 41. Bí owó inú báńkì bá fi ìdá 30 pọ̀ sí i lẹ́yìn irú títà bẹ́ẹ̀, ìpín kan tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì kúrò níbi tó wà.