Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Ta Yàrá Etí Òkun tí Kò Sí Létí Òkun

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wá òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tí ẹ ó kó ẹbí lọ fún ìsinmi, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

N kò wá ilé ọlọ́lá, n kò sì wá ti ẹ̀dínwó. Yàrá tó mọ́ níwọ̀nba ni mo fẹ́, ibùsùn tó máa gba àwọn ọmọ, ká sì lè jí láàárọ̀ ká fi ẹsẹ̀ rìn bọ́ sórí iyanrìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ìkànnì ńlá tí tọmọdé tàgbà ń lò ni mo ti rí i. Nínú fọ́tò wọn, ìgbì òkun ń hó funfun lábẹ́ fèrèsé, wọ́n to àga gbọọrọ sórí iyanrìn, omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ gaara. Àwọn àlejò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára. Mo ka ohun tí wọ́n kọ. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé n kò kà á o!

Mo béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó ń tà á dáhùn kíá. "Ẹ máa bọ̀ lórí WhatsApp, mà, màá dín in kù fún yín, ìkànnì yìí ló ń gbówó lórí wa." Ó ní yàrá ku ẹyọ kan, ẹlòmíràn ti ń bèèrè rẹ̀. Mo san gbogbo owó tààrà sínú àkáǹtì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá! Ṣé ó yẹ kí n ti fura? Bóyá. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n á dín owó kù fún tí á kọ̀? Èmi tí mo fẹ́ mú ọmọ mi ṣeré ni ẹ fẹ́ bá wí ni, àbí ẹni tó jókòó, tó ń fara balẹ̀ purọ́ fún abiyamọ?

A débẹ̀, a ò rí òkun. Ilé gogoro kan ló dí iwájú òtẹ́ẹ̀lì náà. Lẹ́yìn ilé gogoro yẹn, títì márosẹ̀. Lẹ́yìn títì, òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, òun gan-an ló wà létí omi, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn kò sì jẹ́ ká kọjá. Iyanrìn inú fọ́tò, tiwọn ni! Àwọn àga yẹn, tiwọn ni! Ọmọ mi kékeré ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ láti inú ọkọ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Màmi, òkun dà?" Kí ni kí n sọ fún un? Bàbá wọn kò bá mi jà, kò sọ nǹkan kan rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti gbẹ, wọ́n ń tún un ṣe. Fèrèsé wa kọjú sí ògiri. Wọ́n tún ní ká máa san owó kan lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo pe ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó ní, "Òkun ò kúkú jìnnà síbẹ̀, mà." Láti ìgbà náà, ìpè mi kò wọlé sí i mọ́. Àwọn tó ni ìkànnì ní torí pé ìta ni mo ti sanwó, kò kan àwọn. Báńkì ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi owó náà ránṣẹ́. Olè ni gbogbo wọn, ohun tí mo rí nìyẹn.

Ẹ má sanwó níta ìkànnì tí ẹ ti rí yàrá, bó ti wù kí wọ́n dín in kù tó. Káàdì ni kí ẹ fi san án, kí ẹ lè rí ibi jà sí. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ yí i sí àwòrán òfuurufú, ẹ wo ohun tó wà láàárín ilé àti omi. Ká ní mo ṣe èyí nìkan! Ẹ fi fọ́tò wọn sínú Google Lens, ohun èlò Google tó ń wá ibòmíràn tí fọ́tò kan ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: bó bá ti jáde lórúkọ òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, ẹ sá. Fọ́tò tí àwọn àlejò fọwọ́ ara wọn yà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, lórí nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín wá rí. Ní ti owó tí wọ́n ń fi pamọ́, láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni òfin àjọ FTC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ti pàṣẹ pé kí òtẹ́ẹ̀lì fi gbogbo owó tó pọn dandan, yàtọ̀ sí owó orí ìjọba, kún iye tó bá gbé síta. Bí ibi tí ẹ ń lọ kì í bá ṣe Amẹ́ríkà, ẹ béèrè àpapọ̀ owó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá sì ti fi owó ránṣẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ìrìn àjò kò tíì tó, ẹ pe báńkì yín lónìí. Ẹ má dúró dọ̀la.