Ọjọ́ 7 lórí Kilimanjaro: ìràwọ̀ 4 nínú 5, gáìdì wa ló ni wọ́n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú àtigun Kilimanjaro ní Tanzania, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ lọ, a gba Addis láti Èkó, ilé iṣẹ́ kan ní Moshi ló mú wa gba ọ̀nà Machame, ọjọ́ 7. Àwọn kan ń ta ọjọ́ 5 lówó pọ́ọ́kú o, ẹ má dá wọn lóhùn, 5,895 mítà lòkè yẹn ga, ara ò lè mọ́ ọn láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ọjọ́ kẹta ni mo ti rí i pé gáìdì wa mọṣẹ́. Ó mú wa gun dé Lava Tower, ó lé ní 4,600 mítà, a jẹun ọ̀sán níbẹ̀, ló bá ní ká tún máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, nǹkan bí 3,900. Inú bí mi gan-an, mo ní kí la wá gùn ún sí nígbà náà? Ó ní ṣe lèèyàn ń fi òkè han ara, kó tó padà lọ sùn níbi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ díẹ̀. Orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, oúnjẹ ò wọlé, tóorun bá sì fẹ́ gbé mi lọ báyìí, màá ta jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ara nìkan kọ́ ṣá, ẹnì kankan ò sọ ti ọkàn fún mi. Sípù tẹ́ńtì kọ̀ kò ṣí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó mo bú sẹ́kún, àbúrò mi wúkọ́ lásán mo jágbe mọ́ ọn, ohùn màmá wa ni mò ń gbọ́, pé kí lẹ fẹ́ lọ wá lórí òkè ọlọ́kè. Gáìdì á kàn máa sọ pé "pole pole", ẹ fetí sí i dáadáa, ó fẹ́ẹ̀ jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tiwa, nǹkan kan náà ló sì jẹ́, tí ara bá tún ń ni ẹ́, "pole" náà ni wọ́n á fi kí ẹ. Ìyẹn tù mí nínú ju oògùn orí lọ.

Alẹ́ tó kẹ́yìn, aago méjìlá òru la kúrò ní àgọ́ Barafu, 4,673 mítà. Omi dì nínú rọ́bà tí mo fi ń mu ún. Tó o bá fi máa dé orí òkè, ọ́síjìn tó ò ń mí símú níbẹ̀ ò ju bí ìdajì tÈkó lọ. Kò pẹ́ ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bí ọ̀mùtí, ahọ́n ẹ̀ ti wúwo, gáìdì ní kó rìn tààrà, kò lè rìn ín. Ó ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi ń sunkún, èmi ń pariwo pé a ti sanwó, ó kù díẹ̀, ọkùnrin yẹn ò bá mi jiyàn, ó fà á lé gáìdì kejì lọ́wọ́, wọ́n sì lọ. Ọpọlọ ló ń wú tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó ń pààyàn, oògùn àti ọ́síjìn kàn ń ran èèyàn lọ́wọ́ ni, sísọ̀ kalẹ̀ gan-an nìtọ́jú. Kó tó di ọ̀sán àbúrò mi ti ń béèrè oúnjẹ ní àgọ́ Mweka nísàlẹ̀.

Èmi dé Uhuru, ṣóńṣó orí òkè náà, lẹ́yìn tóòrùn yọ. Inú mi ò dùn bí mo ṣe rò, ẹ̀yìn ni mo ń wò, mò ń wá a.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: àpò ìsùn tí wọ́n yá mi ti ya, òtútù ń wọlé, bàtà ọ̀kan nínú àwọn alábàárù wa náà sì ti là, ẹrù wa ló rù yẹn o! Ẹgbẹ́ KPAP (Kilimanjaro Porters Assistance Project) ní Moshi máa ń tẹ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú alábàárù dáadáa jáde, mi ò wò ó kí n tó sanwó, ó sì dùn mí. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá lọ pé gáìdì mélòó ló ń tẹ̀ lé yín, torí ká ní ẹyọ kan la mú ni, àwa méjèèjì là bá jọ padà.

Àbúrò mi ní òun á padà lọ, ọjọ́ 8 ló fẹ́ mú, gáìdì yẹn náà ló sì ní òun fẹ́.