Ẹ̀rọ tí ojú ò lè rí: ká máa fi iná yà á lójoojúmọ́ ni àbí ká dà á nínú mọ́ọ̀dù?

Ẹni tó bá ti dé Ìtọ́kù mọ̀ pé adìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gé pátánù ẹ̀ sára páànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n wá ń fi tẹ aṣọ lọ rẹpẹtẹ. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ náà nìyẹn fún àwọn ẹ̀rọ pínńpín tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń gba inú ẹ̀ kọjá fún àyẹ̀wò.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Photolithography, iná UV (irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ò lè rí) ni wọ́n fi ń yàwòrán sára silicon, ohun tí wọ́n fi ń ṣe chip kọ̀ǹpútà, ó péye gan-an, ṣùgbọ́n ó fẹ́ yàrá tí eruku ò gbọdọ̀ wọ̀ àti máṣíìnì olówó gọbọi, ẹ ó sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ òmíràn.

Replica molding, ìyẹn dídà nínú mọ́ọ̀dù, tí onímọ̀ kẹ́mísírì George Whitesides àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Harvard jẹ́ kó gbajúmọ̀ ńkọ́? Ẹ fi iná yẹn ṣe ẹyọ kan péré bíi pátánù, ẹ po rọ́bà PDMS ìdá 10 mọ́ ìdá 1 nǹkan tó ń mú un gan, ẹ fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, ẹ dà á lé pátánù yẹn, ẹ gbé e sínú ófùn ní bíi 70°C fún wákàtí méjì, ẹ wá ṣí i bí ẹní ṣí ewé lára mọ́ínmọ́ín. Pátánù kan náà lẹ máa lò lọ́pọ̀ ìgbà! Èyí lèmi fara mọ́ fáwọn ọmọ wa ní Abẹ́òkúta níbí, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́ o.

Àmọ́ PDMS rọ̀, tí àwòrán bá ti kéré ju nǹkan bíi 500 nanometer lọ (nanometer kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan), ó lè dà wó lura wọn, h-PDMS tó le díẹ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ toluene, irú omi kẹ́míkà kan, sì máa ń mú PDMS wú.